Pápá Koríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales a máa dá pápá sí, kí wọn lè rí koríko sá gbẹ fún màlúù nígbà òtútù. Láti nǹkan bí 1930 títí di 1984, wọ́n túlẹ̀, wọ́n sì da ajílẹ̀ sí i. Nínú pápá 100, 97 ni ó ṣègbé pẹ̀lú ìtànná wọn.

Ẹni tí ń tún un ṣe kì í fi ajílẹ̀ sí i mọ́. Koríko tí ó gé, a kó o kúrò kí ilẹ̀ lè ṣá díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro létí àgbẹ̀! Ewéko kan, yellow rattle, ń fa oje koríko bí àfòmọ́ ti ń ṣe lára igi obì, ìtànná a sì ráyè hù. Ọdún kan péré ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí a bá gé e kí ó tó so, a ti pàdánù rẹ̀.