Ta Ni Ó Jẹ Ta Ní Gbèsè? Ọ̀rọ̀-Ìṣe Inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé Kaduna, Jos tàbí Port Harcourt kò lè ṣe kí ó má fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú onílé tàbí oníbàárà rẹ̀. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo lè sọ olówó di onígbèsè.

Ẹ wo "yá". A máa ń sọ pé "Mo yá a lówó", a sì tún máa ń sọ pé "Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀". Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń fi olówó hàn yàtọ̀ sí ẹni tí ń tọrọ. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. "Lend" ni ti ẹni tí owó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, "borrow" ni ti ẹni tí ó gbà á. Ẹni tí ó bá kọ "borrowed" níbi tí "lent" yẹ kí ó wà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé gbèsè lé ara rẹ̀ lórí. "Kọ́" náà rí bẹ́ẹ̀: "teach" ni ti olùkọ́, "learn" ni ti akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pa ara dà. "Ó san owó" ti kọjá. Bí ó bá ku ọ̀la, "yóò" ni a ó fi ṣáájú. Bí ó bá ń lọ lọ́wọ́, "ń". "San" dúró gbọn-in síbẹ̀. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ara ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ó ń yí: "pay" a di "paid". Àwọn tí ń gba "-ed" kò le. Àwọn olóríkunkun, tí wọ́n tó nǹkan bí 200, ni ìṣòro: "go" a di "went", "buy" a di "bought", "put" ní tirẹ̀ kò sì yí rárá. Àfi kí a há wọn sórí. Agídí wọn jù lọ ni "be", tí ó ní ìrísí 8: be, am, is, are, was, were, been, being.

Àwọn tí ó kàwé pàápàá ń ṣìnà nídìí "ń". "Mo ń gbọ́ ọ" dára ní Yorùbá, ṣùgbọ́n "I am hearing you" kò bójú mu tó lójú àwọn olùyẹ̀wò ìdánwò. Ipò ni "hear", "know" àti "own" ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́ tí ń lọ lọ́wọ́, wọn kì í sì í sábà gba "-ing". Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ń béèrè kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì. "Did not went" náà ń jẹ máàkì ọmọ: "did" ti ru àkókò tí ó kọjá, "go" nìkan ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e.