Pòṣé kì í ṣe "hiss": Ẹ ṣọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ń ròyìn ìṣe ara

Láti Ìkìrun dé Ìnísà títí wọ Òkukù, ìyá tó ní àlejò nílé kò nílò ẹnu láti fi bá ọmọ wí. Yóò kàn ṣẹ́jú sí i ni, ọmọ tó gbọ́n yóò sì dìde nídìí abọ́ oúnjẹ àlejò. Wàhálà dé nígbà tí ọmọ náà bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ nínú àròkọ. "Wink" ni yóò kọ, Òyìnbó tó bá kà á yóò sì rò pé ìyá ń bá ọmọ ṣàwàdà ni. "She warned him with her eyes" ló bá a mu.

Ti pòṣé tún wá burú jù. "Hiss" ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà ń pè é. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìró ejò ni "hiss", tàbí ti táyà tó ń jò. Afẹ́fẹ́ ń jáde ni. Ẹni tó ń pòṣé, ńṣe ló ń fà á wọlé láàrin eyín. "She sucked her teeth" ló yẹ kí a kọ. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ tó wà ní erékùṣù Caribbean ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1976, John Rickford àti Angela Rickford tẹ ìwádìí jáde lórí "suck-teeth" àti "cut-eye", wọ́n ní Áfíríkà ni gbòǹgbò méjèèjì wà. "Cut-eye" yìí náà ni kí èèyàn mọ́ni lójú.

Ìdọ̀bálẹ̀ ní tirẹ̀ kò ṣòro. "Prostrate" ni, àfi kí ọmọ má gbàgbé "r" kejì. Ẹni tó bá kọ "prostate" ti dárúkọ ẹ̀yà ara kan lábẹ́ àpòòtọ̀ ọkùnrin, kò sì yẹ kéèyàn fi ìyẹn kí Olókukù.

Èyí tó léwu jù ni ti ojú. Ọmọ tí àgbà ń bá wí nílẹ̀ wa, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Bó bá gbójú sókè, wọn á ní, "Èmi lò ń wò lójú báyẹn?" Lọ́dọ̀ Òyìnbó, ẹni tí kò wo èèyàn lójú ni wọ́n ń fura sí. "He could not look me in the eye," ẹ̀sùn irọ́ ni. Bí ọlọ́pàá tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tàbí ògbufọ̀ kóòtù bá kọ ọ́ nípa ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fágbà, ó ti dá a lẹ́bi kí adájọ́ tó jókòó. Kí wọ́n kọ ohun tí ojú ṣe, kí wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ kún un: "He lowered his eyes out of respect."