Kí Ló Ń Dí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Ojú?

Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun ní oṣù kọkànlá tó kọjá, òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Dádì mi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé wa ní Turin, wọ́n ní ojú ọ̀tún àwọn ṣú, bíi pé ẹnì kan ta aṣọ dúdú bo ìdajì ìsàlẹ̀ ohun tí àwọn ń wò. Ojú náà ò pọ́n, kò sì dùn wọ́n rárá. Torí pé kò dùn wọ́n, wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta ni mọ́mì tó fipá mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Èmi ni ògbufọ̀.

Kí dókítà tó tan iná sí wọn lójú, ẹ̀rọ ìfúnpá ló kọ́kọ́ so mọ́ wọn lápá. Dádì wò mí, wọ́n ní, “Ṣó o sọ fún wọn pé ojú ni?” Ẹ̀rọ ka 190 lórí 110. Nígbà tí dókítà yẹ ojú wò tán, ó ní “occlusione venosa retinica” ni. Mo gbọ́ ọ dáadáa lédè Ìtálì, àmọ́ n ò rí Yorùbá rẹ̀ sọ. Mo kàn ní, “Dádì, nǹkan ti dí nínú ojú yín.” Ni dádì bá ń fi ìka nu ojú o!

Ohun tó yẹ kí n sọ nìyí. Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tó sì ń fi ohun tá a rí ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Rẹ́tínà lorúkọ rẹ̀. Iṣan kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un látinú ọkàn, màá pe ìyẹn ní iṣan àlọ. Òmíràn ń kó ẹ̀jẹ̀ padà, iṣan àbọ̀ nìyẹn. Àríwá Ìtálì níbí wà lára ibi tí ayé ti kọ́ ọ̀rọ̀ àlọ àti àbọ̀ yìí. Ní Padua, ọ̀jọ̀gbọ́n Girolamo Fabrici d'Acquapendente tẹ ìwé jáde lọ́dún 1603 lórí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú àwọn iṣan àbọ̀ ara wa. William Harvey, ará Ìlú Ọba tó gboyè ní Padua lọ́dún 1602, ló wá fi hàn lọ́dún 1628 pé ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń yí po: ó ń jáde látinú ọkàn, ó sì ń padà síbẹ̀.

Iṣan àlọ le, iṣan àbọ̀ rọ̀. Nínú rẹ́tínà, àwọn méjèèjì máa ń gba orí ara wọn kọjá. Níbi tí wọ́n ti pàdé, inú àpò kan ṣoṣo ni wọ́n jọ máa ń wà, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ méjì bá há sínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Tí iṣan àlọ bá wá ki sí i, tó tún le sí i, ibo ni ìkejì rẹ̀ fẹ́ sún sí? Á fún un mọ́lẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan àbọ̀ á máa rìn bí ìgbín, inú iṣan náà á bó, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, ọ̀nà á dí. Bẹ́ẹ̀, iṣan àlọ ò dúró, ó ṣì ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti rí gọ́tà tó dí nígbà òjò l'Ékòó mọ ohun tó kàn. Ẹ̀jẹ̀ àti omi á tú sínú rẹ́tínà, á wú, ojú á sì ṣú.

Kí ló ń mú kí iṣan àlọ ki? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí wọn. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, sìgá náà wà níbẹ̀, ọjọ́ orí sì ń dá kún un, pàápàá lẹ́yìn 50 ọdún. Nígbà mìíràn, olórí iṣan àbọ̀ gan-an ló ń dí, níbi tó ti fẹ́ jáde kúrò nínú ẹyinjú. Ibẹ̀ há, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí ajọ̀. Àrùn glaucoma, tí ìfúnpá omi inú ojú sábà máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, lè dá kún èyí, kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwa èèyàn dúdú. Ti àwọn kan, ẹ̀jẹ̀ wọn ló ki jù tàbí tó ń tètè dì. Tó bá ṣe ọ̀dọ́, dókítà á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Àǹtí wa kan pè láti Ìbàdàn pé ayé ló ń bá dádì jà. Ẹlòmíràn ní ká kán omi ṣúgà sí i. N ò fẹ́ rí àgbà fín, àmọ́ ẹ̀yìn ẹyinjú ni ibi tó dí wà. Omi ṣúgà tá a kán síwájú ò lè débẹ̀, ó sì lè ba ojú tó kù jẹ́. Fóònù tí mọ́mì ní dádì ń tẹ̀ jù náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ dádì lápá yẹn, ọmọ ìlú wa ni o. Dókítà Scipione Riva-Rocci, tí wọ́n bí ní Almese lẹ́bàá Turin, ló ṣe irú rẹ̀ ní Turin níbí lọ́dún 1896. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá! Nọ́ńbà òkè nìkan ni tirẹ̀ ń kà. Lọ́dún 1905, Nikolai Korotkov, ará Rọ́ṣíà, gbé ẹ̀rọ ìgbọ́-àyà lé apá, ìyẹn ló jẹ́ ká máa rí ti ìsàlẹ̀. Láìsí ẹ̀rọ yìí, báwo lèèyàn á ṣe mọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Mo bi dádì pé ìgbà wo ni wọ́n wọn tiwọn kẹ́yìn. Wọ́n ní kí àwọn tó kúrò ní Nàìjíríà ni, lọ́dún 2009.

Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta sínú ojú. (Bẹ́ẹ̀ ni, sínú ojú! Wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn pa ojú náà kú, kó má baà dùn wọ́n.) Abẹ́rẹ́ yẹn ò la iṣan tó dí. Wíwú rẹ́tínà ló ń mú wálẹ̀. Dádì ti ń fi ojú náà ka lẹ́tà ńláńlá, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti mọ́mì bá wọn lọ wọn ìfúnpá ní farmacia. Tiwọn jẹ́ 135 lórí 85. Mo ní kí mọ́mì náà na apá. Wọ́n ní kí ló dé, ara àwọn le jàre. Ẹ̀rọ ka 160 lórí 95. Mọ́mì ní ẹ̀rọ yẹn ò dáa, kí wọ́n tún un wọ̀n.