Ẹni Tó Wà Nínú Fọ́tò Náà, Ṣé Ẹ Mọ̀ Ọ́n?

Ìdílé tí kò ní fọ́tò lára ògiri ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ti ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ti ìsọmọlórúkọ wà níbẹ̀, ti ìyá tó ti sùn nínú Olúwa náà kò gbẹ́yìn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àtúnṣe tí àwọn onífọ́tò máa ń ṣe sí ojú wa kí wọ́n tó gbé fọ́tò lé wa lọ́wọ́.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1855, níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Páríìsì, Franz Hanfstaengl, onífọ́tò ará Munich ní Jámánì, pàtẹ fọ́tò ẹnì kan náà ní oríṣi méjì: ó ti tún ọ̀kan ṣe, kò fọwọ́ kan èkejì. Ẹnu ya àwọn èrò. Àwọn àgbà tó ṣe iṣẹ́ fọ́tò nígbà fíìmù mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tó dúdú lójú ènìyàn máa ń mọ́ gaara lára fíìmù tí a ti fọ̀. Bí irorẹ́ bá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, onífọ́tò yóò gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù líle títí yóò fi mú bí abẹ́rẹ́, yóò sì máa fi tọ́ ojú ibẹ̀ wẹ́wẹ́ títí yóò fi ṣú bá ara tó yí i ká mu. Ìmọ́lẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá mọ́ nígbà tó bá ń tẹ fọ́tò, irorẹ́ á sì pòórá. Bí ó bá tẹ pẹ́ńsùlù jù, ojú funfun kan á yọ, gbogbo ayé á sì mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ní sùúrù ju ọ̀pọ̀ nínú àwa oníwàásù lọ.

Ní 1990 ni Photoshop dé ọjà. Ní 2002 wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kan kún un tó ń ya awọ tó mọ́ nítòsí láti fi dí ojú àbàwọ́n. Lónìí, fóònù ń ṣe é kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù a máa lọ láti ojú kan dé èkejì. Fóònù a máa nu gbogbo ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Irorẹ́ tí yóò lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ni ó burú bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lójú ìyàwó? A kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilà ńkọ́? Àpá ìgbóná tí àwọn àgbà gbé wá láti ìgbà tí àrùn náà ń pani, kí wọ́n tó kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé, ńkọ́? Ẹ̀rí ni ìyẹn. A mọ ìdílé kan tí ìyá wọn kú. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wọn ṣe ìwé ètò ìsìnkú mú ojú náà dán títí pélé fi lọ, tí iwájú orí tó hunjọ sì dà bí ti ọmọge. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré wo ìwé náà, ó ní, "Màmá ta nìyí?" Gbogbo ilé dákẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo tó dára tí wọ́n ní ni wọ́n fún un, kò sì tọ́jú ti àkọ́kọ́.

Àwọn kan a máa tọ́ka sí Éfésù 5:27 fún wa. Ìjọ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́! Bí ti àpá bá ni, ẹ jẹ́ kí a ka Jòhánù 20. Olúwa tó jíǹde kò pa ojú ìṣó ọwọ́ rẹ̀ rẹ́. Òun gan-an ni ó fi han Tọ́másì.

Ẹ̀yin òbí, ọmọbìnrin tó bá ti ń wo ojú tí fóònù tún ṣe fún un lójoojúmọ́ lè wo dígí, kí ó rò pé dígí ló ń purọ́. Adúmáadán á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìpara tó ń bóra, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú ìpara náà ní mẹ́kúrì tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ yin ojú ọmọ náà gan-an lójú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ ya fọ́tò, ẹ mú ìnujú dání. Òógùn tó ń dán lójú wà lára ohun tí wọ́n ń fi wákàtí nù kúrò. Ti ìwé ìrìnnà kò gba àtúnṣe rárá, Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba kò ní gbà á. Ẹ sọ ohun tí onífọ́tò kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn fún un ṣáájú, kí ẹ sì gba èyí tí kò tíì tún ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí àwọn ọmọ yóò ti rí i.