Dídá Irin Lu àti Gbígbẹ́ Inú Rẹ̀: Iṣẹ́ Méjì Ni

Ọ̀tọ̀ ni kí a dá nǹkan lu, ọ̀tọ̀ ni kí a gbẹ́ inú rẹ̀. Èdè wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ẹni tó fẹ́ sín ìlẹ̀kẹ̀ á kọ́kọ́ dá a lu. Ẹni tó ń ṣe odó á gbẹ́ ikùn odó. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó máa sọ pé òun dá odó lu, àfi tí odó bá ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá dé orí irin àti ẹ̀rọ léètì, mo máa ń rí i pé "lu" nìkan ni ọ̀pọ̀ ìtúmọ̀ ń lò fún iṣẹ́ méjèèjì. Wàhálà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti gírámà nìkan. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n, tí ihò rẹ̀ bá wọ́, ńṣe ló máa lọ ra ìlu tó gùn sí i. Ihò kejì á sì tún wọ́ bíi ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká yanjú orúkọ ná. Ìlu, tí ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí sílébù àkọ́kọ́ tí ohùn àárín wà lórí èkejì, ni irinṣẹ́ tí a fi ń dá nǹkan lu. Kì í ṣe ìlù tí àyàn ń lù, kì í sì í ṣe ìlú tí à ń gbé. Dírílì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn náà ò burú. Irinṣẹ́ kejì ni ọ̀pá tó ní ẹnu gígé kékeré lórí, tí wọ́n ń tì wọ inú ihò tó ti wà nílẹ̀ láti gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i. Ọ̀pá ìgbẹ́nú ni màá máa pe ìyẹn.

Kí ló ń mú kí ihò jíjìn wọ́?

Ìlu ní ẹnu gígé méjì ní ṣóńṣó rẹ̀, ara rẹ̀ sì gùn gbọọrọ. Tí ẹnu kan bá mú ju èkejì lọ, tàbí tí ó bá pàdé ibi tó le nínú irin, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá ti yà, ó ṣòro kó padà, torí ihò tí òun fúnra rẹ̀ ti dá ló ń tẹ̀ lé. Ọ̀pá ìgbẹ́nú ò rí bẹ́ẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì léètì ni ohun tó dì í mú ti ń rìn, ọ̀nà bẹ́ẹ̀dì yẹn ló sì ń tẹ̀ lé. Tí ihò bá ti wọ́ tẹ́lẹ̀, á gé púpọ̀ lápá kan, á gé díẹ̀ lápá kejì, títí ihò á fi tọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn: ìlu ń tẹ̀ lé ihò, ọ̀pá ìgbẹ́nú ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ.

Ìmọ̀ yìí ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ John Wilkinson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1774, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tuntun tí òun ń gbà gbẹ́ ìbọn àgbá: ìbọn ló ń yí, irinṣẹ́ tó ń gbẹ́ ẹ ò yí. Lẹ́yìn náà ló ṣe ẹ̀rọ mìíràn fún sílíńdà ẹ̀rọ oníooru ti James Watt. Nínú ìyẹn, ọ̀pá la inú sílíńdà já, wọ́n sì dì í mú ní orí méjèèjì, kò lè tẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ní 1776, Matthew Boulton ròyìn pé Wilkinson gbẹ́ sílíńdà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 50, tí àṣìṣe inú rẹ̀ ò sì ju bí owó ṣílè àtijọ́ kan ṣe nípọn tó. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ooru máa ń jò gba ẹ̀gbẹ́ písítìn lọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò lọ fún ribóò rí, iṣẹ́ kan náà nìyẹn. Wọn kì í fi dírílì ṣe é.

Kí ló dé tí a ò kúkú fi ọ̀pá gbẹ́ gbogbo rẹ̀?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pá ò lè wọ ibi tí kò tíì sí ihò. Èkejì ló le jù: ọ̀pá máa ń tẹ̀. Tí gígùn tó yọ síta lára ohun tó dì í mú bá di ìlọ́po 2, títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po 8. Tí sísanra rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, títẹ̀ rẹ̀ á já wá sí ìdá 1 nínú 16. Nítorí náà, ọ̀pá tó sanra jù tó lè wọ ihò náà ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì jẹ́ kó yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ọ̀pá irin lásán, ká má kọjá ìlọ́po 4 sísanra rẹ̀. Ti kábáìdì lè tó ìlọ́po 6. Tí a bá kọjá ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa han, ara ihò á sì rí ṣágiṣàgi.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan lórí léètì kékeré tí èèyàn lè ní nílé. A fẹ́ ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 20, tó jìn tó 120, nínú mild steel, irin tí àwọn jórinjórin ń lò lójoojúmọ́. Ọ̀pá tó lè wọ ihò tí kò tíì fẹ̀ tó 20 ò lè sanra ju nǹkan bíi 16 lọ. Ẹ fi 16 pín 120, ìlọ́po 7 àbọ̀ ni. Ọ̀pá irin ò lè ṣe é dé ìsàlẹ̀. Ìlu nìkan náà ò lè ṣe é kó tọ́. Àfi ká pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ kọ́kọ́ gé ojú irin kó tẹ́jú, kí ẹ sì rí i pé tailstock dọ́gba pẹ̀lú àárín ibi tí irin ti ń yí. Ìlu kúkúrú tó le ni kí ẹ fi ṣí ojú ihò. Ìlu gígùn tó bá fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀rẹ̀, kò sóhun tó máa tọ́ ọ sọ́nà mọ́.

Lẹ́yìn náà, ìlu 10, kí ìlu 18 tẹ̀ lé e. Ẹ kíyè sí gígùn kòtò tó lọ́ yí ara ìlu ká, torí ibẹ̀ ni èérún irin ń gbà jáde. Ìlu 10 tí a sábà ń rà lọ́jà, kòtò rẹ̀ ò ju mìlímítà 87 lọ. Tí ìparí kòtò yẹn bá ti wọ inú ihò, èérún á há, ìlu á sì kán síbẹ̀. Èyí tó gùn ni kí ẹ wá.

Tí jíjìn bá ti kọjá ìlọ́po 3 fífẹ̀ ìlu, ẹ má tì í lọ tààrà mọ́. Ẹ tì í díẹ̀, ẹ fà á jáde pátápátá, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èérún dànù, ẹ da ọ́ìlì sí i, kí ẹ tó tún wọlé. Ẹ má fi ọwọ́ fa èérún, abẹ ni. Ní ti eré, ìlu 18 lè gba nǹkan bí 440 yíyí ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ihò jíjìn, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ sí 300. Ooru ló fà á. Ní 1798, Benjamin Thompson, tí wọ́n ń pè ní Count Rumford, ròyìn bó ṣe fi irinṣẹ́ tó kú gbẹ́ ìbọn àgbá nínú omi nílùú Munich ní Jámánì. Lẹ́yìn wákàtí méjì àbọ̀, omi náà hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Nínú ihò jíjìn, ọ́ìlì tó wà lójú ihò ò lè dé ṣóńṣó ìlu fúnra rẹ̀. Fífà á jáde ló ń jẹ́ kó débẹ̀.

Tí iná bá sì lọ nígbà tí ìlu wà nínú ihò, ẹ pa suwíìṣì kíákíá, kí ẹ fi ọwọ́ yí léètì láti tú u jáde. Ẹ má fi í síbẹ̀ de ìgbà tí iná máa dé.

Ní báyìí, ẹ gbé ọ̀pá ìgbẹ́nú. Mìlímítà 30 péré láti ẹnu ihò ni ẹ máa gbẹ́, kó fẹ̀ tó 20 géérégé. Ìyẹn ò tó ìlọ́po 2 sísanra ọ̀pá, kò ní gbọ̀n. Ibi 30 yìí ló máa ṣe amọ̀nà fún irinṣẹ́ ìkẹyìn, D-bit. Ọ̀pá róbótó ni, irin tí iná lè mú le, tí wọ́n gé iwájú rẹ̀ kó ku díẹ̀ ju ìlàjì lọ, tó fi dà bíi lẹ́tà D. Ẹ̀yìn róbótó yẹn á fara ti ibi tí ọ̀pá ti gbẹ́ tó tọ́, kò ní lè yà. Ẹ máa fi tailstock tì í díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fà á jáde lemọ́lemọ́, torí kò ní kòtò tí èérún lè gbà jáde dáadáa. Bí ẹ ṣe ń lọ ni ibi tuntun tó gé á máa di amọ̀nà fún èyí tó kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùtumọ̀ àti olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ ká fi "dá … lu" sílẹ̀ fún ìlu, ká sì fi "gbẹ́" sílẹ̀ fún ọ̀pá. Búúṣì tí ihò rẹ̀ bá wọ́ á jẹ ọ̀pá tó ń yí nínú rẹ̀ run, ìwé tó da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ sì ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́ yìí bá ní orúkọ tó dáa ju ọ̀pá ìgbẹ́nú lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.