Omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kò jìnnà sí títì: ta ló ń pa owó ibẹ̀?

Ẹni tó bá ń ṣòwò ní Ilo-Awela mọ bí ọjọ́ Ajé ṣe máa ń rí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ lọ́tùn-ún, ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ lósì, eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ nígbà òjò. Odò wà lágbègbè Ọ̀tà o, ṣùgbọ́n irú omi wo ló wà nínú rẹ̀? Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń ṣàn wọnú odò Atuwara. Ẹni tó bá fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi tó tutù, tó sì mọ́, àfi kó kúrò nílùú.

Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ omi Olúmirìn tó ń já látorí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. A ò ní tan yín, ó ju igba kìlómítà lọ sí Ọ̀tà. Ohun tó mú un rọrùn ni pé kò jìnnà sí títì tó lọ láti Iléṣà sí Àkúrẹ́. Téèyàn bá ti yà wọ̀lú, mọ́tò ń dé ẹnu géètì, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì kù dé ìpele àkọ́kọ́. Ìpele méje ni omi náà ní. Ẹni tó ti dàgbà lè rọra dé ti àkọ́kọ́, kó jókòó, kí omi máa fọ́n sí i lára. Àwọn tó kù lókè, àpáta gígùn ni, iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni, nígbà téèyàn bá sì fi máa gun gbogbo rẹ̀ tán, ilẹ̀ Èkìtì ló kàn.

Ibi ìpele àkọ́kọ́ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ajé wà. Ẹni tó bá wẹ̀ tán, aṣọ rẹ̀ ti tutù, ebi ń pa á, bàtà tó wọ̀ wá kò bá àpáta mu, ó sì fẹ́ fọ́tò tó máa fi han àwọn ará ilé. Ẹ wo nǹkan mẹ́rin tí ẹnì kan ṣoṣo fẹ́ rà láàárín wákàtí kan! Owó géètì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìtàn Niagara, ní ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà, á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Láyé ìjọ́un, àwọn tó ni ilẹ̀ etí omi ńlá yẹn ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n dá ihò sára ọgbà, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ yọjú wo omi. Àwọn èèyàn pariwo títí, ìjọba ìpínlẹ̀ New York bá gba ilẹ̀ náà lọ́dún 1885, wọ́n ní kí gbogbo ayé máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjà ẹni tó ń ta ihò kú lọ́jọ́ náà. Ti ẹni tó ń ta oúnjẹ, tó sì ń fún èèyàn níbi tí wọ́n máa sùn, kò kú, títí dòní ló ń tà.

Kí wá ni ti oníṣòwò Ilo-Awela tí kò ní ìsọ̀ ní Ẹ̀rìn? Ó pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ télọ̀, aṣerunlóge, ẹgbẹ́ alájọ àti ìjọ lóríṣiríṣi máa ń fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tó bá kó wọn lọ ló ni mọ́tò láti ṣètò, oúnjẹ láti sè, píọ́ wọ́tà láti kó, àti aṣọ ẹgbẹ́ láti tẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ládùúgbò kan náà lè pín iṣẹ́ yẹn.

Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹ gbèsè nìyí. Ká ní oníbọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni mẹ́rìnlá ní N210,000 lòun máa gbà ní àlọ àti àbọ̀ (àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ bèèrè tiyín). N15,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni mẹ́rin ò bá yọjú láàárọ̀ ọjọ́ náà, N150,000 ló wà lọ́wọ́ yín, N60,000 ti di ọrùn yín. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbà á bí àjọ, N1,500 lọ́sẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ níṣàájú pé ẹni tó bá yẹ̀ kò ní gbowó padà àyàfi tó bá mú ẹlòmíì wá dípò ara rẹ̀. Òṣómàáló ayé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri, lè wá lóṣòó síwájú ilé yín títí ẹ ó fi sanwó, nítorí aṣọ wà lára yín. Ẹni tó ti wẹ̀ lómi tó ti padà wálé, kí lẹ fẹ́ gbà lára rẹ̀?

Ní ti àkókò, ìgbà òjò lomi náà máa ń lágbára jù, ìgbà yẹn náà sì ni àpáta máa ń yọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀rùn ń dín in kù. Lójú tiwa, oṣù kọkànlá dáa, tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí omi ò tíì fà. Ọjọ́ ọdún Àjíǹde àti Kérésìmesì, èrò máa ń pọ̀. Ẹni tó fẹ́ tajà ló yẹ kó lọ, ẹni tó fẹ́ sinmi kó yan ọjọ́ mìíì. Kí àwọn tó kó ọmọdé lọ́wọ́ má kọjá ìpele àkọ́kọ́. Ọtí ò sì gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò lálọ.

Ìkọ́gòsì tí omi gbígbóná àti tútù ti ń pàdé kò jìnnà sí ibẹ̀, àwọn kan á sì fẹ́ pa méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Láti Ọ̀tà, ẹ má dán an wò, òru lẹ máa fi wálé. Bí ẹgbẹ́ bá ní ọjọ́ méjì, kí wọ́n sùn ní Iléṣà, kí wọ́n dúnàádúrà iye yàrá lápapọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé.