Bọ́ọ̀sì Tó Ń Gbé Dátà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ní Gbàgede Tinúbú lọ sí Ìdúmọ̀tà ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì ló ń mú ọkọ̀ tètè dé, bí kò ṣe ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà rí.

Inú ibi ìrántí ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti ń pe dátà wá. Àwọn ọ̀nà onírin tín-ín-rín tó wà lára pátákó inú rẹ̀ ni dátà ń gbà kọjá. Bọ́ọ̀sì ni orúkọ wọn, bí ọkọ̀ èrò wa, inú èdè Látìn ni orúkọ náà ti wá, ó túmọ̀ sí “fún gbogbo ènìyàn.” Apá kan ń tọ́ka sí àdírẹ́sì tí à ń lọ, èkejì ń ru dátà fúnra rẹ̀, ẹ̀kẹta sì ń ṣe bí ọlọ́pàá ojú pópó tó ń sọ ẹni tó kàn.

Lẹ́tà B tó gbẹ̀yìn USB, bọ́ọ̀sì ló dúró fún. Ibẹ̀ sì ni owó ará ìlú ti ń ṣòfò. USB 2.0 ti ọdún 2000 kò lè gbé ju mẹ́gábíìtì 480 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, USB 3.0 ti ọdún 2008, ọdún tí BRT bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, lè gbé 5,000. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra fláàṣì olówó gọbọi láti kó fídíò ìgbéyàwó, tí ẹ kì í bọ ihò àtijọ́, ìrìn àtijọ́ náà ni yóò máa rìn. Ihò aláwọ̀ búlúù sábà máa ń jẹ́ ti 3.0. Àwọn kan kò ní àwọ̀ yìí o. Ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.